Epo rọ̀bì, wúrà Ìpéríndó àti owó tó ń dé Iléṣà: ta ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀?

Ọmọ Ọbòkun

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀ṣà àti Ifẹ̀. Àríyànjiyàn tí wọ́n ń ṣe ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà àti ní gáréèjì ni mo gbé wá síbí. Àwọn kan ní ìjọba ló ni epo rọ̀bì, nítorí náà gbogbo wa la jọ ni ín. Àwọn mìíràn ní irọ́ ni: bó bá jẹ́ tiwa lóòótọ́, jálá bẹntiróò kan kò ní wọ́n tó báyìí.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí á tú palẹ̀. Kí ni òfin sọ gan-an? Ọ̀nà wo ni owó epo ń gbà kí ó tó kan káńsù Iléṣà tàbí ti Ifẹ̀? Wúrà tí wọ́n ń wà ní Ìpéríndó ńkọ́, ṣé ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú wọ̀ ọ́.

Amòfin Ìlàrè

Ẹ kú ìbéèrè. Abala 44, ìpín 3, nínú ìwé òfin 1999 sọ pé gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, epo rọ̀bì àti gáàsì tó wà lórí ilẹ̀, nínú ilẹ̀ tàbí lábẹ́ omi Nàìjíríà, Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ín. Òfin epo ti 1969 ti sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, òfin ìwakùsà ti 2007 sì sọ ohun kan náà nípa wúrà àti òkúta iyebíye gbogbo. Bí wúrà bá wà lábẹ́ oko kòkó yín, oko ni tiyín. Wúrà kì í ṣe tiyín, kì í ṣe ti ọba ìlú, kì í sì í ṣe ti gómìnà ní Òṣogbo.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń ṣì í gbà ni pé wọ́n rò pé "ti ìjọba" túmọ̀ sí pé aráàlú kọ̀ọ̀kan ní ìpín tí ó lè lọ béèrè. Kò sí irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú òfin wa. Abala 162 ni ẹ̀tọ́ wa wà: owó tó bá wọlé gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò àjọni tí wọ́n ń pè ní Federation Account, kí á sì pín in láàárín Ìjọba Àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 13 nínú 100 owó náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ padà sí ìpínlẹ̀ tí ohun àlùmọ́ọ́nì náà ti jáde. Ní 5 Oṣù Kẹrin 2002, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé epo tó wà lábẹ́ òkun kì í ṣe ti ìpínlẹ̀ etí òkun. Nígbà tó di 2004 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó jẹ́ kí àwọn ìpínlẹ̀ náà gba ìdá 13 lórí rẹ̀, títí dé ibi tí omi ti jìn tó mítà 200. Ìjà òṣèlú ló bí ìyẹn. Ẹ fi sọ́kàn, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wúrà wa máa rí.

Akọ̀wé Lágẹrẹ

Amòfin ti la ti òfin. Ẹ jẹ́ kí n tọ ipa owó, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Àgbá epo kan jẹ́ lítà 159. Bí wọ́n bá fà á jáde nínú kànga omi jíjìn tó wà lábẹ́ àdéhùn pínpín epo, kì í ṣe ìjọba ló kọ́kọ́ gbé gbogbo rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ yọ rọ́yátì, ìyẹn ìpín tí ìjọba ń gbà lórí ohun tí wọ́n bá wà jáde. Òfin epo tuntun tí wọ́n ń pè ní PIA, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní 16 Oṣù Kẹjọ 2021, fi rọ́yátì sí ìdá 15 nínú 100 fún kànga orí ilẹ̀, 12.5 fún omi tí kò jìn, àti 7.5 fún omi jíjìn, àfikún sì tún wà bí iye owó epo bá ga. Lẹ́yìn rọ́yátì, ilé-iṣẹ́ tó wa epo á yọ owó tó ná. Lẹ́yìn náà ni owó orí. Ohun tó bá kù ni èrè tí ilé-iṣẹ́ náà àti NNPC jọ ń pín.

Owó tó ná yẹn ni ẹ máa wò. Bí wọ́n bá kọ iye ìnáwó ga ju bó ṣe yẹ lọ, tí ẹni tó yẹ kó yẹ̀ ẹ́ wò kò sì ṣe é dáadáa, èrè á kéré, owó orí á kéré, àpò àjọni á sì gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí àgbá kan gbé. Nítorí ẹ̀ ni àbọ̀ ìwádìí NEITI, àjọ tí òfin 2007 gbé kalẹ̀ láti yẹ ìwé owó epo àti ohun àlùmọ́ọ́nì wò, fi wúlò ju ariwo orí rédíò lọ.

Èyí tó bá wá jẹ́ ti NNPC náà kì í dé tààrà. Nígbà tí PIA jáde ní 2021, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n yọ ìdá 30 nínú 100 èrè epo àti gáàsì tó jẹ́ ti NNPC láti fi wá epo ní agbègbè tí wọn kò tíì rí i. Gbèsè tún wà: ní Oṣù Kẹjọ 2023, NNPC kéde owó bílíọ̀nù 3 dọ́là tí wọ́n yá lọ́wọ́ báńkì Afreximbank, epo tí wọn kò tíì wà ni wọ́n sì fi ṣe ìdúró. Bí wọ́n bá wá wa epo náà, apá kan rẹ̀ ti ní olówó. Ní 2022, oṣù lé oṣù ni NNPC kò mú kọ́bọ̀ wá sí ìpàdé ìpínwó, nítorí pé sọ́bsídì bẹntiróò ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọdún yẹn gan-an ni epo wọ́n ní àgbáyé nítorí ogun Rọ́ṣíà àti Yukréènì. Olè epo sì tún wà níbẹ̀: ní Oṣù Kẹsàn-án 2022, epo tí a ń wà lóòjọ́ kò tó mílíọ̀nù 1 àgbá.

Owó tó bá wá la gbogbo èyí já, lẹ́yìn ìdá 13, ni wọ́n ń pín báyìí: Ìjọba Àpapọ̀ 52.68, ìpínlẹ̀ 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ 20.60 nínú 100. Láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tàbí ìjọba ìbílẹ̀ fúnra wọn, ìdá 40 ni wọ́n ń pín dọ́gba-dọ́gba, ìdá 30 lórí iye ènìyàn, ìyókù lórí ilẹ̀, iṣẹ́ ìdàgbàsókè àti ìsapá láti pawó lábẹ́lé. Ìdí nìyẹn tí iye ìjọba ìbílẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Ọ̀ṣun ní 30. Iléṣà ní méjì, Ifẹ̀ ní mẹ́rin, Àtàkúnmọ̀sà ní méjì.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí á yéé dà pọ̀: owó FAAC, ìyẹn owó àpò àjọni tí ìgbìmọ̀ ìpínwó ń pín lóṣooṣù, kì í ṣe owó epo nìkan. Owó ibodè wà níbẹ̀, owó orí ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, wọ́n sì ń pín VAT, owó orí ọjà, lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ pé ìpínlẹ̀ kan gba bílíọ̀nù báyìí, ẹ béèrè pé èló nínú rẹ̀ ni epo.

Ìyá Ìjòkà

Akọ̀wé, ẹ ṣeun, àlàyé yín dáa. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé yẹn kò kan ẹni tó ń ta gàrí. Fún ẹni tí kò sí nínú iṣẹ́ ìjọba, bẹntiróò tó pọ́ọ́kú nìkan ni ìpín tó dé ọwọ́ rẹ̀ rí. Kí 29 Oṣù Karùn-ún 2023 tó dé, kò tó 200 náírà fún lítà kan ní ọ̀pọ̀ ilé epo. Ní Oṣù Keje ọdún kan náà, ó di 617. Ọkọ̀ láti Iléṣà sí Ifẹ̀, ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ ẹni tó ń ta omi tútù, gbogbo wọn ló gbówó lé e. Wọ́n yọ sọ́bsídì, owó FAAC ròkè, ó ti kọjá tírílíọ̀nù 1 náírà lóṣù. Níbo ni tírílíọ̀nù náà wọlé sí ní Ìjòkà?

Akọ̀wé Lágẹrẹ

Ìyá, ìbéèrè gidi ni ẹ béèrè, n kò sì ní bá yín jiyàn pé ìnira náà kò tóbi. Àmọ́ ẹ wo bí sọ́bsídì ṣe ń ṣiṣẹ́. Iye lítà tí ènìyàn bá rà ni ìrànwọ́ tó ń gbà. Ẹni tó ní ọkọ̀ jíìpù mẹ́ta ń gba ìlọ́po-ìlọ́po ohun tí ẹni tó ń wọ kẹ̀kẹ́ ń gbà. Bí bẹntiróò wa bá sì pọ́ọ́kú ju ti Bẹ̀nẹ̀ lọ, onífàyàwọ́ á kó o gba ẹnu ibodè lọ, owó Nàìjíríà la sì fi ń ran ọkọ̀ wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń kọ iye lítà tó wọlé ni ìjọba ń sanwó fún. Ìwé nìkan ni ẹ̀rí. Ìwádìí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní 2012 fi hàn pé wọ́n sanwó fún epo tí kò dé rárá.

Ìdí tí a fi ń ra epo tí wọ́n ti fọ̀ láti òkè òkun ni kí á bínú sí. Ilé ìfọpo Port Harcourt, Warri àti Kaduna, tí gbogbo wọn jẹ́ ti ìjọba, lè fọ àgbá 445,000 lóòjọ́ bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ tán. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọn kò fọ nǹkan kan, a sì ń san owó oṣù àti owó àtúnṣe. Port Harcourt tún bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n tún tì í ní Oṣù Karùn-ún 2025. Ilé ìfọpo Dangote, tó jẹ́ ti aládàáni, ló wá ń pèsè bẹntiróò láti Oṣù Kẹsàn-án 2024. Ìyẹn fi hàn pé kí ìjọba ni nǹkan kò tó. Ẹni tó ń bójú tó o, àti ẹni tí yóò jìyà bí kò bá ṣiṣẹ́, ni ọ̀rọ̀.

Ọmọ Ọbòkun

Nọ́wè ńkọ́? Wọ́n ní ìjọba ló ni epo níbẹ̀ náà, àwọn ará ibẹ̀ sì ń jẹ̀gbádùn. Alaska náà ń pín owó fún olúkúlùkù lọ́dọọdún. Kí ló dé tí tiwa kò lè rí bẹ́ẹ̀?

Akọ̀wé Lágẹrẹ

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí Nàìjíríà bá ń wa mílíọ̀nù 1.5 àgbá lóòjọ́, lọ́dún kan ó jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 547. Bí a bá jẹ́ mílíọ̀nù 220 ènìyàn, àgbá méjì ààbọ̀ ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Bí àgbá kan bá jẹ́ 70 dọ́là, ó jẹ́ 174 dọ́là lọ́dún, kò tó 15 dọ́là lóṣù, kí á tó yọ owó ìwakùsà àti ìpín ilé-iṣẹ́. Nọ́wè ń wa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.8 lóòjọ́, ènìyàn wọn sì jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.5. Tiwọn jẹ́ nǹkan bí 120 àgbá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sọ fún yín pé epo nìkan tó láti sọ gbogbo wa di olówó kò tíì ṣírò.

Ohun tí a lè kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni ìfowópamọ́. Òfin àpò wọn ti wà láti 1990, owó àkọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ní 1996. Ìlànà wọn láti 2017 ni pé kí ìjọba má ná ju èrè tí wọ́n retí lórí àpò náà lọ, ìyẹn ìdá 3 nínú 100 lọ́dún. Alaska náà kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn ní 1976 pé ó kéré tán ìdá 25 nínú 100 owó rọ́yátì ohun àlùmọ́ọ́nì gbọ́dọ̀ wọ àpò tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, 1982 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín èrè rẹ̀, 1,000 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún yẹn.

Àwa náà dá àpò Excess Crude, tí a ń fi owó epo tó bá lé sí, sílẹ̀ ní 2004. Owó tó wà níbẹ̀ ju bílíọ̀nù 20 dọ́là lọ ní 2008. Nígbà tó di àárín 2022, ohun tó kù níbẹ̀ kò tó ààbọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Kò sí òfin tó dáàbò bò ó. Gómìnà àti ààrẹ kàn ń jókòó, wọ́n ń pín in. Àpò NSIA tí òfin 2011 gbé kalẹ̀ pẹ̀lú bílíọ̀nù 1 dọ́là ṣì wà nítorí pé òfin dè é. Ó dùn mí púpọ̀ pé kékeré nìkan ni wọ́n fi síbẹ̀.

Ìyá Ìjòkà

Àgbá méjì ààbọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí ó dé. Bó ti kéré tó yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n fi ṣọ́ ọ.

Olóko Ìpéríndó

Ẹ jẹ́ kí á sọ̀rọ̀ wúrà, nítorí ìyẹn wà lẹ́sẹ̀ ilé wa.

Iṣẹ́ Ṣẹ́gilọlá tó wà ní agbègbè Ìpéríndó, ní Ìlà-Oòrùn Àtàkúnmọ̀sà, bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wúrà ní Oṣù Keje 2021. Ilé-iṣẹ́ Thor Explorations ti Kánádà ló ni ín. Ní 2022, wúrà tí wọ́n wà tó nǹkan bí 98,000 ọ́nsì, ọ́nsì kan sì jẹ́ gíráàmù 31.1. Bí a bá fi 1,800 dọ́là ṣírò ọ́nsì kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ọjà ṣe rí ní nǹkan bí ọdún yẹn, ó jẹ́ mílíọ̀nù 176 dọ́là. Bí a bá fi ìdá 3 nínú 100 ṣe rọ́yátì, ó jẹ́ mílíọ̀nù 5.3. Ìdá 13 nínú ìyẹn fún Ọ̀ṣun kò tó 700,000 dọ́là. Ìṣirò lásán ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ wo bí ohun tó kan ìpínlẹ̀ ṣe kéré sí ohun tó jáde láti inú ilẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ìdá 13 wúrà nìkan ni yóò gbé Ìjẹ̀ṣà ró, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn ló wà tí owó fi lè dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì yẹ kí á dì wọ́n mú.

Àkọ́kọ́ ni owó orí òṣìṣẹ́. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ń gba owó orí rẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìpéríndó bá ń gbé Iléṣà, Ọ̀ṣun ló ń gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé Èkó ni wọ́n kọ síwèé pé ó ń gbé, Èkó ló ń gbà á. Nítorí náà, kí wọ́n gba ọmọ ìlú síṣẹ́ kì í ṣe ojú rere lásán.

Èkejì ni àdéhùn ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń pè ní CDA. Abala 116 òfin ìwakùsà 2007 ní dandan ni kí oníwakùsà bá ìlú tó gbà á lálejò ṣe é kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìkọ́ṣẹ́, ọ̀nà, omi, ilé ìwòsàn, ìrànlọ́wọ́ fún òwò kékeré àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọdún márùn-márùn-ún ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé wọ́n máa ń kọ "a ó ran ìlú lọ́wọ́" sínú rẹ̀ láìsí iye, láìsí ọjọ́, láìsí orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Ẹ kọ ọ́ báyìí: kànga ẹlẹ́rọ mélòó, ní àdúgbò wo, kí oṣù wo tó parí, ta ni yóò máa tún un ṣe. Ìdá 3 tí PIA ní kí ilé-iṣẹ́ epo máa fi sílẹ̀ fún ìlú tó gbà wọ́n lálejò kò kan wúrà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó wà.

Ẹ̀kẹta ni owó oko. Ibẹ̀ ni ẹkún pọ̀ sí jù. Owó ohun ọ̀gbìn àti ilé ni wọ́n ń san, wọn kì í san owó ilẹ̀ bí ẹni tó ra ilẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá ka igi, ẹ wà níbẹ̀. Kòkó tó ti ń so àti ọmọ kòkó kì í gba iye kan náà. Bí wọ́n bá kọ igi 400 tó ń so sí "ọmọ igi", owó ti sọnù nìyẹn, ó sì ṣòro láti yí i padà lẹ́yìn tí ẹ bá ti buwọ́ lùwé. Ẹ ya fọ́tò ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó kúrò lóko.

Àwọn tó ń wa wúrà láìgbàwé ní agbègbè Ìtagunmódi àti ibòmíràn kò san rọ́yátì, wọn kò ṣe CDA, wọn kò sì dí kòtò. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ ń wọ inú odò tí àwọn ènìyàn ń mu. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfo ni fún ìjọba àti fún aráàlú.

Ọmọ Ọbòkun

Olóko, bí olóko bá jẹ́ ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ńkọ́? Ta ló ń gba owó kòkó?

Amòfin Ìlàrè

Ẹni tó gbin igi ló ni owó igi. Ẹbí onílẹ̀ lè gba owó lílo orí ilẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó kòkó tí wọn kò gbìn, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn ìṣákọ́lẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí oníwakùsà tó dé. Ní ti ẹbí onílẹ̀, olórí ẹbí nìkan kò gbọdọ̀ buwọ́ lùwé. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá a buwọ́ lù ú, nítorí ilé ẹjọ́ lè yí ìwé tí wọn kò fọwọ́ sí dànù.

Òṣómàáló

Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ ń bọ̀ sí káńsù. Káńsù ló wà nítòsí wa jù, òun ni ọjà, gáréèjì, ọ̀nà àdúgbò, kíkó ìdọ̀tí àti ibi ìpẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà ńlá Ifẹ̀ sí Iléṣà, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Ẹni tó bá lọ bá alága káńsù nítorí rẹ̀ kàn ń rẹ ara rẹ̀ ni.

Ibi tí owó káńsù ti ń sọnù ni àpò tí ìpínlẹ̀ àti káńsù jọ ní. Kí ó tó kan káńsù, wọ́n ti yọ owó olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, àti ìdá 5 ti àwọn ọba. Àwọn wọ̀nyí ní ìdí, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ìwé rẹ̀ han aráàlú. Ní 11 Oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ káńsù tí aráìlú dìbò yàn. Ní 2025, ìjà lórí ẹni tó ni àga káńsù jẹ́ kí Ìjọba Àpapọ̀ dá owó àwọn káńsù Ọ̀ṣun dúró. Ẹ rí i pé ìdájọ́ nìkan kò gbé owó dé ilé. Amòfin, ẹ sọ bí ènìyàn ṣe lè béèrè ìwé owó náà.

Amòfin Ìlàrè

Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní FOI. Ní Oṣù Kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó de ìpínlẹ̀ náà, kì í ṣe Àbújá nìkan. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ kọ ohun kan pàtó. Bí ẹ bá kọ "ẹ fún wa ní gbogbo ìwé owó yín", wọ́n á rí àyè láti kọ̀. Ẹ kọ irú èyí:

"Lábẹ́ òfin FOI 2011, mo ń béèrè ẹ̀dà ìwé tó fi hàn: iye tí ìjọba ìbílẹ̀ yìí gbà láti àpò àjọni ní oṣù mẹ́ta tó kọjá, oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n yọ nínú rẹ̀ àti ẹni tí wọ́n san án fún, àti orúkọ, ibi àti iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí káńsù sanwó fún."

Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé káńsù fi òǹtẹ̀ àti déètì sí ẹ̀dà tiyín. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n á ní àwọn kò rí ìwé kankan. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n lè fi ọjọ́ 7 kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti lọ sí ilé ẹjọ́, ìtanràn ẹni tó bá kọ̀ láìtọ́ sì jẹ́ 500,000 náírà.

Òṣómàáló

Ó dáa. Ìlà-Oòrùn Iléṣà àti Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà, ẹ kọ ti yín. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀, ẹ mú Àárín-Gbùngbùn àti Ìlà-Oòrùn. Olóko, ẹ mú Ìlà-Oòrùn Àtàkúnmọ̀sà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà CDA kún ohun tí ẹ ń béèrè. Ṣáájú kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ wo tábìlì oṣooṣù tí iléeṣẹ́ ìṣúná àpapọ̀ ń gbé jáde, kí ẹ mọ iye tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá gbà á kó ya fọ́tò rẹ̀ síbí, kí orúkọ oṣù hàn lórí rẹ̀, a ó fi wé tábìlì náà ní ìlà sí ìlà.

Olóko Ìpéríndó

Mo ti gbọ́. Ẹ̀dà CDA ni n ó kọ́kọ́ béèrè, nítorí ọdún márùn-ún rẹ̀ ti ń pé lọ.